Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ ní Àkrà

Omi lákọ̀ọ́kọ́

Ẹ̀yin ará Ìkìrun tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé báwo ni Gánà ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò ní Àkrà. Ìjọ wa ló rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn ìjọ ẹlẹgbẹ́ wa dá sílẹ̀ ní àdúgbò Alajo, kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ wọn nínú ẹ̀mí, kí èmi náà sì bá wọn darí ìjọsìn òwúrọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń darí ìjọsìn òwúrọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa níbí. Nígbà tí mo ń lọ, mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni omi. Ilé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àdúgbò Dansoman ni mo dé sí. Madam Esi ni gbogbo ènìyàn ń pè é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé mò ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi. Síbẹ̀, nígbà tí a dé ilé, ó fi mí jókòó, ó gbé omi fún mi, ó dúró títí mo fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló tó jókòó kọjú sí mi, ó ní, "Níbí, àlàáfíà ni. Ẹ̀yin lẹ wà lójú ọ̀nà. Kí lẹ bá wá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí lẹ́tà tí ìjọ kọ ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Lẹ́tà ti sọ tirẹ̀," ó ní. "Ó ku ẹnu yín."

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, nítorí Fante ni tirẹ̀, Yorùbá ni tèmi. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí gbogbo àlejò nìyẹn. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe aládùúgbò tó wá yá iyọ̀, omi ni yóò kọ́kọ́ dé, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó wù mí gan-an. Mo rí i pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí omi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Orúkọ wa lára ọṣẹ

Oúnjẹ wọn kò ṣòro. Kẹnké ni mo kọ́kọ́ bá pàdé: àgbàdo tó ti kan, tí wọ́n dì sínú ewé, tí wọ́n sì sè títí tó fi le. Ẹja díndín àti ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣító ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ẹ̀kọ tó ti bàjẹ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, èmi ni mò ń béèrè bóyá ṣító ti tán. Ìyá kan máa ń din àkàrà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ náà lárààárọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní àkàrà, wíwò ni yóò máa wò ọ́. Kóósé ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jẹ àkàrà lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Àwọn ènìyàn wọn kì í sọ̀rọ̀ láì bẹ̀bẹ̀ ṣáájú. Ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, "Ẹ jọ̀ọ́" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ tán, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tán." Tirotíró ni wọ́n ń pe ọkọ̀ èrò wọn, òun la sì ń wọ̀ láti Dansoman gba ọjà Kaneshie kọjá. Lọ́jọ́ kan, mo gbé báàgì sí ọwọ́ ọ̀tún, mo bá fi òsì na owó sí ọmọ ọkọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé wa kò fẹ́ràn ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí rọra gba owó náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ nà án síwájú, ó ní, "Àlejò ni, ẹ má bínú." N kò mọ obìnrin náà rí, n kò sì rí i mọ́.

Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, àwọn mìíràn á ní Anago. Bákan náà, ọṣẹ dúdú tí à ń lò nílé, ọṣẹ Alata ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Madam Esi fi mí han àwọn ọmọ pé Alata ni àlejò wọn, àwọn kéékèèké tó wà níwájú fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́ Madam, ọṣẹ ni."

Mo ní òótọ́ ló sọ, àti pé ìdí tí mo fi wá nìyẹn, láti wá fọ̀ wọ́n mọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni mo fi ṣe, ṣùgbọ́n bí mo bá máa sọ òótọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn.

Ìṣẹ́jú márùn-ún

Ìjọsìn òwúrọ̀ wọn kò jọ tiwa. Wọ́n á kọ orin kan ṣoṣo. Ọmọ kan á ka ẹsẹ Bíbélì díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Madam Esi á jókòó, gbogbo ilé á sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ẹni tó ń pariwo, kò sí ẹni tó ń na ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìṣẹ́jú náà bá pé, ẹni tó bá ní ìbéèrè á dìde. Àwọn ìbéèrè wọn ń yà mí lẹ́nu. Ọmọ kan béèrè bóyá inú Ọlọ́run máa ń dùn sí eré bọ́ọ̀lù. Òmíràn béèrè ìdí tí ìyá àgbà òun fi ń gbàdúrà lójoojúmọ́ tí ojú rẹ̀ kò sì ríran. Madam Esi kì í sáré dáhùn. Nígbà mìíràn, ohun tó máa ń sọ kò ju, "Èmi náà ń ronú lé e lórí."

Mo ka èyí sí ọ̀lẹ. Nílé wa, a máa ń há ẹsẹ sórí, a máa ń gbàdúrà kíkan, bó bá sì di ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń pe àwọn tó bá fẹ́ fi ayé wọn fún Jésù kí wọ́n jáde síwájú. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ orúkọ wọn sí. Ní òpin táàmù, ìgbìmọ̀ ìjọ á béèrè iye wọn, á sì yin Olúwa.

Ohun mìíràn tún wà. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tó jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ àwọn oníṣòwò tó yí Alajo ká. Madam Esi ṣàlàyé fún mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. "Nígbà tí àwọn òbí wọn mú wọn wá, mo ṣe àdéhùn," ó ní. "Mo sọ fún wọn pé àwọn ọmọ yóò gbọ́ ohun tí a gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní fà wọ́n wọ ẹ̀sìn wa."

Mo ní mo gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní irú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wo nìyí?

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹfà, Sẹ̀kinátù, tó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àkrà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ó ń ta ẹ̀yà ara fáànù àti áyọ́ọ̀nù ní Kaneshie. Ó gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ fún un, á dá mi lóhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, á ki Twi, èdè ibẹ̀, bọ̀ ọ́, á sì rẹ́rìn-ín ìtìjú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú mi dùn bí ìgbà tí mo rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ yìí ni Ọlọ́run fi gbé mi la ibodè kọjá.

Ọjọ́ Ẹtì

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Madam Esi lọ síbi ìsìnkú ẹbí rẹ̀ kan ní Cape Coast. Ó ní kí n darí ìjọsìn ọjọ́ Ẹtì. "Bí a ṣe máa ń ṣe é," ó ní.

N kò ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Mo wàásù. Mo gbé orin tiwa. Nígbà tí mo parí, mo pè wọ́n pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé Jésù kó jáde wá síwájú. Ẹnikẹ́ni kò mira. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàfojúdi, wọn kò kàn mọ ohun tí mò ń béèrè ni. Ó tó igba ojú tó ń wò mí. Mo tún pè. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára mi.

Mo wá wo Sẹ̀kinátù. Mo fi Yorùbá pè é, mo ní, "Sẹ̀kinátù, ọmọ mi, máa bọ̀."

Ó dìde kíá. Ó gba àárín àwọn bẹ́ǹṣì kọjá, ó dé iwájú mi, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Orí mi wú. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Bí mo ṣe ń gbàdúrà, mo gbọ́ tó ń sọ nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà."

Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ ọ ketekete. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà, ohùn mi sì dùn létí ara mi. Mo parí rẹ̀, mo kọjú sí gbogbo ilé, mo ní arábìnrin wọn Sẹ̀kinátù ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi lónìí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù bá wọn pa á.

Nígbà ìsinmi, mo rí i tó dá jókòó sí ìdí ògiri. Àwọn ọmọbìnrin méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bi í bóyá yóò yí orúkọ padà. Kò dá wọn lóhùn. Kò jẹun. Mo sọ fún ara mi pé bí ẹ̀mí ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá.

Alajo

Nígbà tí Madam Esi padà dé, àwọn olùkọ́ tó kù ló sọ fún un kí èmi tó sọ ọ́. Ó pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìjà. Kò jà. Ó bi mí pé kí ni ọmọ náà sọ nígbà tó dé iwájú.

Mo ní ó kúnlẹ̀.

"Mo bi yín ohun tó sọ."

Mo ní, "Ó kí mi káàárọ̀."

Ó wò mí títí. N kò ní láti ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọbìnrin wa máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó ti ń rí Sẹ̀kinátù tó ń kúnlẹ̀ fún ìyá bàbá rẹ̀ lẹ́nu géètì láti ìgbà tó ti wà ní kíláàsì kìíní. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe àdéhùn fún bàbá rẹ̀. Ẹnu yín lẹ fi bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti jáde." Ó mú báàgì rẹ̀. "Mò ń lọ sílé wọn."

Mo ní kó jẹ́ kí èmi nìkan lọ. Ó ní a jọ ń lọ.

Ilé Alhaji, bàbá Sẹ̀kinátù, kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá Alhaji la bá nínú ọgbà, ìyá arúgbó kan tó ń fẹ́ ìrẹsì, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kúrò nílé lánàá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní Ìkìrun ni mo ti wá. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò béèrè orúkọ mi. Alhaji dé láti mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin gíga tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó fi wá jókòó. Ó gbé omi fún wa. Mo mu omi náà tán. Nígbà náà ló bi wá ohun tí a bá wá, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá, àti àdúrà, àti ohun tí ọmọ náà sọ lábẹ́ ọwọ́ mi, àti pé mo gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ fèsì. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ó ní. "Mo ní bí àgbà Yorùbá bá pè ọ́, má jókòó lé àga dá a lóhùn, lọ kúnlẹ̀. Kí wọ́n má ba à ní ọmọ Gánà lásán ni. Ohun tí mo fi kọ́ ọmọ mi lẹ fi mú un yẹn o, ìyá Ìkìrun."

Alhaji pe ọmọ náà. Ó jáde láti inú yàrá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà. Bàbá rẹ̀ bi í ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀.

"Madam pè mí. Mo lọ."

"Ṣé o fẹ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ọ?"

Ó wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, kò rí ọ̀rọ̀, ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀. Ó ní òun máa ń gbàdúrà pẹ̀lú ìyá àgbà lójoojúmọ́ láti kékeré. Láti ọjọ́ Ẹtì lòun ti ń ronú. Ó wá gbójú sókè sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ Madam, gbogbo àdúrà tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ ti pa á rẹ́ ni?"

Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń kọ́ ọmọ ní Bíbélì, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo dìde lórí àga, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, nítorí òun ni mo lè kúnlẹ̀ fún níbẹ̀, mo sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Mo ní n kò ní agbára láti pa àdúrà ẹnikẹ́ni rẹ́. Mo ní kò sí ohun tí òun ṣe ní ọjọ́ Ẹtì ju pé ó kí mi. Èmi ni mo ṣe ìyókù.

Ìyá àgbà ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ń gbóná.

Alhaji ní òun mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni lòun mú ọmọ òun lọ. Ó ní ìdí tóun fi mú un lọ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti jókòó jẹ́ẹ́ kó sì rántí Ọlọ́run, pé ilé òun kún fún ariwo jù. "Bí ó bá dàgbà tó sì gba ibi kan wọlé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kó fi wọlé," ó ní. "Mo gba ẹ̀bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ọmọ lẹ ti kéde rẹ̀. Ojú gbogbo ọmọ ni kí ẹ ti sọ èyí tí ẹ sọ fún mi. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́ ni yóò padà wá."

Ojú gbogbo ọmọ

N kò purọ́, oorun kò kùn mí lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ ni mí. N kò tíì dúró níwájú àwọn ọmọ rí láti sọ pé mo ṣì í ṣe. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọn kò ní gba ohun kankan gbọ́ lẹ́nu mi mọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Alhaji dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Madam Esi jókòó. Mo dìde, mo sọ fún àwọn ọmọ pé ní ọjọ́ Ẹtì mo kéde ohun kan nípa Sẹ̀kinátù tí kì í ṣe òótọ́. Mo ní ó wá kí mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, mo sì sọ ọ́ di ohun mìíràn láì bi í. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ àwọn náà.

Ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ Madam, ṣé irọ́ ni ẹ pa?"

Mo rò ó. Mo ní, "Mo sọ ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́."

Ọmọ náà mi orí, bí ẹni pé èyí yé e dáadáa, ó sì jókòó. Sẹ̀kinátù wọlé, ó lọ sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà la dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ìdákẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ǹṣì ń dún, ìyá oníkóósé ń pe oníbàárà lóde, ọmọ kan ń mí láti imú tó dí. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wojú mi láti mọ ohun tí mo fẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu gan-an ni pé àwọn ọmọ wá sún mọ́ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń wá bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn ìjọsìn. Mo kọ́ láti sọ pé èmi náà ń ronú lé e lórí, mo sì rí i pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ní láti ronú lé e lórí lóòótọ́.

Sẹ̀kinátù pẹ́ kó tó wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ló tó bá mi lábẹ́ igi níbi tí mo ti ń jẹ wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n dì sínú ewé. Mo ní kó wá bá mi jẹ. Ó dúpẹ́, kò jẹ. Ó ní òun fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan.

"Èwo?"

"Bí àgbà bá pè mí síbi tí n kò fẹ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́, kó má jẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́?"

Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi wá a. Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti sọ fún àgbà, ẹ ṣeun, mo gbọ́, ẹ má bínú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí ọmọ lè fi kọ̀. Nígbà tó yá, mo ní kó wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

Ó wí i. Mo tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi já gaara, ó sì sáré padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ilé

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, n kò pe ẹnikẹ́ni síwájú. Lẹ́yìn ìjọsìn, mo ṣí ìwé orúkọ mi, mo sì rí i pé ọmọbìnrin kan ní kíláàsì karùn-ún, Bùkọ́lá, ti jáde lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Mo máa ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ránṣẹ́ pè é. Mo fún un ní omi, ó sì yà á lẹ́nu. Mo ní n kò bínú, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń mú un jáde ni.

Ó yí kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́.

"Ẹ máa ń wò mí, Mà," ó ní.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo tún pè wọ́n, nítorí mo ṣì gbàgbọ́ pé ó yẹ kí n pè wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè tán, mo yí padà, mo kọjú sí pátákó ìkọ̀wé. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ lè jáde, ẹni tó bá fẹ́ rò ó lè jókòó, àti pé n kò ní wẹ̀yìn títí agogo yóò fi lù. Ó pẹ́. Mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì kan dún, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lórí sìmẹ́ńtì. Ọrùn mi fẹ́ yí. Mo di ẹ̀gbẹ́ pátákó náà mú, mo sì ń wò ó títí agogo fi lù.